Impala Oníná Mẹ́rin

Ẹ jẹ́ kí n ti orí owó bẹ̀rẹ̀, torí òun náà lẹ máa kọ́kọ́ bi mí. ₦240,000 ni wọ́n pè fún Chevrolet ọdún 1965 kan tí mo yá ní Ìjẹ̀bú-Òde, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Dírẹ́bà wà nínú owó yẹn, epo ò sí nínú ẹ̀. Èmi ni mo ń ra epo, mọ́tò ọ̀hún sì ń mu epo bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu ààwẹ̀. Mo san ₦150,000 sílẹ̀, a jọ fẹnu kò pé ìyókù di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ ìyókù yẹn ṣì ń bọ̀.

Màámi ló pé ọmọ ọdún 75, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Houston ló sì ní a gbọ́dọ̀ fi "Impala Bàbá Àgbà" gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nílé wa, Impala Bàbá Àgbà ti di ara oríkì. Tí wọ́n bá ń kí ẹnikẹ́ni nínú wa níbi ìnáwó, wọ́n á kí i dé orí gbànja, wọ́n á kí i dé orí Impala, kí wọ́n tó na ọwọ́ gba owó.

Bàbá Àgbà ni bàbá tó bí Màámi. Màkún ni ilé wọn wà ní Ṣàgámù, gbànja ni wọ́n ń tà, Sábó ni wọ́n ti ń bá àwọn Hausa ná an. Ní 1974 ni wọ́n ra mọ́tò náà ní àlòkù lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń palẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà á rántí pé ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin 1972 ni ìjọba yí ìrìn ọkọ̀ padà. Kó tó di ọjọ́ yẹn, ọwọ́ òsì la ń rìn bíi tàwọn ará Ìlú Ọba. Ẹni tó bá ń wa mọ́tò Amẹ́ríkà nígbà yẹn, tí sítíárìn rẹ̀ wà lápá òsì, ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ló máa ń jókòó sí. Tó bá fẹ́ yọ lára lọ́rí tó wà níwájú, àfi kí ẹni tó jókòó tì í bá a yọjú wò ó bóyá ọ̀nà mọ́. Bàbá Àgbà a máa sọ pé ìjọba ló kọ́kọ́ bá òun yí títì, kí òun tó lọ ra mọ́tò.

Èmi ò bá a nígbà tó ń rìn. Ìgbà tí mo gbọ́njú, abẹ́ igi ọsàn lẹ́yìnkùlé ló wà, táyà ti jẹrà, adìẹ ń yé sórí ìjókòó ẹ̀yìn. Ibẹ̀ la ti ń ṣe dírẹ́bà àti kọ̀ńdọ́, tí a ó máa pe "Ìkòròdú, Èkó, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì!" Búùtù rẹ̀ ṣì ń rùn ewé gbòdògì tí wọ́n fi ń di obì. Bọ́tìnì kékeré kan wà nílẹ̀, lápá òsì kílọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ láti gbé iná iwájú sókè tàbí láti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Bátìrì ò sí nínú mọ́tò mọ́, iná kankan ò lè tàn, àmọ́ tí a bá ti tẹ bọ́tìnì yẹn, á dún: kọ́. A máa ń jà sí i. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí mo ń wá lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, "kọ́" yẹn ni.

Ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún ò ní páátákó. Ó wà níbi téèyàn ń gbà lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹni tó júwe rẹ̀ fún mi ní kí n ṣáà máa wo ibi tí mọ́tò ìjàpá kan jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. Ọ̀gá ibẹ̀ á ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ó mọ́ tónítóní fún mẹkáníìkì, ìyẹn sì kọ́kọ́ kọ mí lóminú díẹ̀. Mọ́tò mẹ́ta ló fi tapólì bò mọ́lẹ̀: Peugeot 404 kan, Mercedes kan tí mi ò bìkítà fún, àti èyí tí mo wá wò. Ó ní ìgbéyàwó ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ òun, pé tí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan máa ń wá yá a de Ojúde Ọba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lọ́jọ́ yẹn, ẹṣin ló ń gba gbogbo ojú.

Ó ká tapólì náà bí ẹni ń ṣí ìbòjú ìyàwó. "Màdáámù, Impala rèé. Ọba mọ́tò."

Pupa ni wọ́n kùn ún. Ti Bàbá Àgbà, àwọ̀ aró tó ti ṣá díẹ̀ ni. Ìyẹn ò dùn mí púpọ̀. Ohun tó dùn mí ni rìmù fàdákà wínníwínní ayé òde òní tí wọ́n fi sí i lẹ́sẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n wọ bàtà alásokọ́ra fún bàbá arúgbó. Mo yí i ká, àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri, mi ò ráyè dé ibẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Télọ̀ ni mí, nítorí náà ìjókòó ni mo yẹ̀ wò jù. Wọ́n ti pààrọ̀ aṣọ rẹ̀ sí lẹ́dà dúdú, ó sì hàn pé ẹni tó rán an mọ̀ ọ́n rán: ojú abẹ́rẹ́ dọ́gba, okùn tó wà nínú etí aṣọ tò lọ gbọọrọ, kò sí ibi tó ti hunjọ ní kọ̀rọ̀. Ìjókòó iwájú gùn láti ilẹ̀kùn kan dé èkejì láìsí àlàfo, bíi bẹ́ǹṣì, èèyàn mẹ́ta á jókòó, ẹni kẹrin tí kò bá sanra á fún ara rẹ̀ mọ́ wọn. Jíà rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárìn, jíà mẹ́ta péré. Mo bi ọ̀gá bóyá ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gan-an ló wà nínú ẹ̀, àbí wọ́n ti gbé ti Tòyótà sí i bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì láìfọhùn. Plọ́ọ̀gì mẹ́jọ, kábúrétọ̀ lórí, bó ṣe kúrò ní Amẹ́ríkà. Mo san owó.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi fi ohùn ránṣẹ́ láti Houston, ìṣẹ́jú méje gbáko. Ó ní ní 1965 nìkan, Impala tí Chevrolet tà lé ní mílíọ̀nù kan. Ó ní kí n ṣọ́ra o, torí mọ́tò méjì mìíràn wà tí wọ́n ṣe lọ́dún kan náà, Bel Air àti Biscayne, tí ara wọn jọ ti Impala àmọ́ tí owó wọn kéré sí i. "Iná ẹ̀yìn ni kó o kà. Roboto mẹ́ta lápá kan, mẹ́ta lápá kejì, Impala nìyẹn. Tó bá jẹ́ méjì-méjì, wọ́n ti lù ẹ́ ní jìbìtì." Mo ní mo ti gbọ́. Aṣọ ẹbí mọ́kànlélógún ló wà nílẹ̀ tí mi ò tíì rán tán. Ta ló ń ronú iná ẹ̀yìn?

Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mọ́tò tó yẹ kó dé ní aago mẹ́jọ wọlé. Ìsìn aago mẹ́wàá ni. Dírẹ́bà, ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, kò tiẹ̀ bẹ̀ wá, ó ní eré mọ́tò yìí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí burú, mi ò sì ní bò ó: tẹ́ ẹ bá máa yá a, ẹ pè é sí wákàtí méjì ṣáájú ìgbà tẹ́ ẹ nílò rẹ̀, kí ẹ má sì sọ ìdí fún wọn.

A ti tọ́jú ẹ̀yìn fún Màámi, a tẹ́ aṣọ òkè sí i. Wọ́n ò tiẹ̀ wo ibẹ̀. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn iwájú, wọ́n ṣí wíńdò kékeré onígun mẹ́ta tó wà níwájú wíńdò ńlá, wọ́n yí i títí atẹ́gùn fi kọjú sí wọn ní àyà. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn. Àádọ́ta ọdún, ọwọ́ wọn ṣì mọ ibi tí ìkọ́ rẹ̀ wà. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ, kí àlùfáà má baà ti ilẹ̀kùn."

Bó ṣe ń rìn ńkọ́? Ó ń fì. Kòtò tí mọ́tò mi máa ń kó sí tí eyín mi á dún, èyí á rọra tẹrí ba fún un, á sì gbéra padà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í pariwo, ó ń kùn bíi bàbá tó jẹun yó tán. Bíréèkì ni kí ẹ fọkàn sí. Ti àtijọ́ ni lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí páàdì bíi tòde òní, nítorí náà láti ọ̀ọ́kán ni ọmọ yẹn ti ń tẹ̀ ẹ́. Mo gbóṣùbà fún un níbẹ̀. Ọlọ́kadà méjì já wọ iwájú wa kó tó dé ṣọ́ọ̀ṣì, kò kan ẹnikẹ́ni. Gígùn rẹ̀ lé ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́tàdínlógún, ẹ̀ẹ̀mẹta ló tẹ̀ síwá sẹ́yìn kó tó lè yí wọ géètì. Ooru ń mú wa o, kò sí éásì. Dípò gbòdògì, kánfọ̀ àti epo ló ń rùn.

Nígbà tí wọ́n ń ṣe ìwàásù, mo yọ́ jáde. Mo bẹ dírẹ́bà kó jẹ́ kí n jókòó sí ibi ìwakọ̀. Mo bọ́ bàtà mi, mo fi ẹsẹ̀ òsì wá ilẹ̀ kiri.

Kọ́.

Mo tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Dírẹ́bà rò pé mo fẹ́ bà á jẹ́, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́." Mo sọ̀ kalẹ̀.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a jáde ìsìn tí a ń lọ sí gbọ̀ngán. A ò tíì rìn jìnnà sí géètì tí mọ́tò fi bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Ó yìnbọn lẹ́ẹ̀kan, pàà! Àwọn ìyá ẹgbẹ́ Màámi pariwo Jésù. Ó yìnbọn lẹ́ẹ̀kejì, ó kú. Ọmọ yẹn ń yí kọ́kọ́rọ́ títí bátìrì náà fi rẹ̀ wẹ̀sì. Àwọn onílù tó ń tẹ̀lé wa ò mọ̀ bóyá kí wọ́n máa lù ú lọ.

Mo pe ọ̀gá. Mo ti múra ìjà sílẹ̀, àmọ́ ó ní kí n gbé fóònù sí ibi tí òun á ti lè bá ọmọ òun sọ̀rọ̀, kó sì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìbéèrè kan ló bi í: "Ta ló so wáyà plọ́ọ̀gì pọ̀?"

Ọmọ yẹn dákẹ́. Òun ni. Ó ti fi okùn ike so gbogbo rẹ̀ jọ ní ìdì kọ̀ọ̀kan, kó lè dùn ún wò tí a bá ń ya fọ́tò. Ọ̀gá wá ń kà á lórí fóònù bí ọmọ iléèwé tó ń ka ìṣirò: 1, 8, 4, 3, 6, 5, 7, 2. Bí plọ́ọ̀gì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ṣe ń tẹ̀lé ara wọn ṣáná nìyẹn. "Nọ́ńbà 5 àti 7 fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, wọ́n sì tún ń tẹ̀lé ara wọn ṣáná. Tó o bá so wáyà wọn mọ́ra, iná 5 á fò sára 7 kí àsìkò 7 tó tó. Mélòó ni mo ti sọ fún ẹ? Ya wọ́n sọ́tọ̀!" Èmi tí mi ò mọ nǹkan kan nípa mọ́tò, ó yé mi. Bíi kí èèyàn mú abẹ́rẹ́ sọ̀ kalẹ̀ kí eyín ẹ̀rọ tó sún aṣọ kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà gé okùn, ó ya wáyà sọ́tọ̀. Àmọ́ bátìrì ti kú. Ó di ká tì í.

Níbí ni Màámi ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wa. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ tàwọn ti gèlè, wọ́n na ọ̀pá ìtilẹ̀ wọn. "Ẹ má kọjú sí i! Ẹ yí ẹ̀yìn sí i, kí ẹ fi ìdí tì í! Tó bá gbaná lójijì, ẹni tó bá kọjú sí i, imú ló máa fi lulẹ̀. Ìwọ, kúrò ní àárín, etí ni kó o dì mú!" Èèyàn mẹ́jọ la yí ẹ̀yìn sí mọ́tò nínú léèsì olówó ńlá. Onílù ti mọ ohun tó máa lù báyìí. Dírẹ́bà tẹ kílọ́ọ̀ṣì, a tì, a tì, ó tú u sílẹ̀, mọ́tò fò síwájú, ẹ́ńjìnnì bú. Ó kúrò lẹ́yìn mi pátápátá, mo fi ìdí jókòó sí àárín títì gẹ́gẹ́ bí Màámi ṣe wí.

Ibi tí mo jókòó sí ni mo ti gbójú sókè, bí dírẹ́bà ṣe tẹ bíréèkì nìyẹn, iná ẹ̀yìn tàn. Roboto, pupa. Méjì lápá òsì. Méjì lápá ọ̀tún.

Mo tún un kà. Ẹ̀rín ló ń pa gbogbo èèyàn, wọ́n rò pé ìdí ló ń dùn mí.

Ìrọ̀lẹ́ dé, ọ̀gá fúnra rẹ̀ wá gbé mọ́tò rẹ̀ àti ìyókù owó rẹ̀. Mo mú un lọ sẹ́yìn mọ́tò, mo ní kó bá mi ka iná. Lẹ́tà I-M-P-A-L-A wà lára rẹ̀ lóòótọ́, àgbọ̀nrín tó ń fò náà wà níbẹ̀, àmọ́ Bel Air ni. Ó ní ara kan náà ni, ẹ́ńjìnnì kan náà ni, ilé iṣẹ́ kan náà ni. Mo ní orúkọ kan náà kọ́. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Èkó máa ń fi pe ayédèrú ọjà wá sí mi lẹ́nu. Mo gbé e mì, torí ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni ọkọ mi, ó sì dúró tì wá. A ná an títí. Nítorí pípẹ́, nítorí wáyà, àti nítorí iná méjì tó dín, ó fi ₦30,000 sílẹ̀ fún mi. Mo san ₦60,000. Kò bínú, ó sì ní ti bátìrì, òun á pààrọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí àlejò ti lọ, tí a ń jẹ ẹ̀bìrìpò tó ṣẹ́ kù, mo ròyìn bí mo ṣe mú ọkùnrin náà fún Màámi. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín kí n tó dé ìdí ọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Lọ gbé fọ́tò yẹn wá."

Fọ́tò yẹn ti wà lára ògiri pálọ̀ láti ìgbà tí mo ti dáyé. Dúdú àti funfun ni. Àwọn àbúrò Màámi mẹ́ta jókòó sórí búùtù mọ́tò Bàbá Àgbà, ẹsẹ̀ wọn ń fì. Iná méjì hàn lápá ibí, méjì lápá ọ̀hún. Gbogbo wa la ti gbà pé ẹsẹ̀ àwọn bọ̀dá ló bo ìyókù. Mo gbé e sábẹ́ gílóòbù. Ẹsẹ̀ ò bo nǹkan kan.

Kẹ́kẹ́ pa mọ́ mi lẹ́nu.

Màámi ní pánẹ́lì bítà kan wà lọ́nà Ìkòròdú tí Impala kan tó fọ́ yángá wà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bàbá Àgbà rí àgbọ̀nrín tó ń fò lára rẹ̀. Ọdẹ ni bàbá tó bí wọn, ẹran yẹn ni wọ́n rí tó wù wọ́n, wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé orúkọ ẹran náà ni wọ́n fi pe mọ́tò. Pánẹ́lì bítà ní òun ò ní tú ẹran lọ́tọ̀ kóun tú lẹ́tà lọ́tọ̀, kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀. Wọ́n kó o. "Èmi ni mo mú kùkúté ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi sàmì sí ibi tí wọ́n máa lu ihò sí. Ṣé ẹ bi mí rí ni? Impala, Impala ni gbogbo yín ń kọ lórin. Èmi, ìdí ni mo fi mọ mọ́tò yẹn. Àràárọ̀ la ń tì í."

Ṣé mo lè ní kí ẹ lọ yá a? Tí ẹ bá ní sùúrù, tí ẹ ò wọ léèsì tuntun, tí ẹ sì ní èèyàn mẹ́jọ tó lágbára nídìí, bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbéyàwó àbúrò ọkọ mi ń bọ̀ lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, mo ti bá ọ̀gá sọ ọ́, mo ní kó yọ rìmù fàdákà yẹn kúrò. Mi ò sọ fún un nípa fọ́tò. Mi ò sì dá ₦30,000 padà.

Ẹ̀gbọ́n mi ní Houston ò jẹ́ kí n sinmi lórí WhatsApp ní ọ̀sẹ̀ yẹn, iná mélòó ni mo kà, iná mélòó ni mo kà. Mo wo Màámi. Wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n bí ẹni tí kò gbọ́.

Mo ní mẹ́fà.